Orí Kẹrin: Ahọ́n Kò Sí Nínú Ìwé Ìlànà

"Ẹ tẹ́ ọwọ́ yín méjèèjì sílẹ̀. Ẹ má mì í."

Ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohùn obìnrin ni wọ́n fún un, ohùn ẹni tí inú kì í bí, tí inú rẹ̀ kì í sì í dùn. Mo tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀. Ó da omi tútù sí i, ó fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i, ó yẹ abẹ́ èékánná mi wò níkọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀fọ́. Ìgbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó kéde mi fún gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn mi: "Adérera Oyèkànmí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Kẹ́mísírì fún Àwọn Tí Kì í Ṣe Onísáyẹ́ǹsì. Ìdánwò ìgbà kẹta."

Ta ló bi í? Ṣé ó di dandan kí gbogbo ayé gbọ́ pé ìgbà kẹta ni? Ó ń ṣe mí bíi kí n dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bá ẹ̀rọ jà, ara rẹ̀ nìkan ló ń dá lágara. Mo gba ìbòmú tó nà sí mi, mo wọlé.

Ìgbà kẹta kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ìdánwò yìí ni ènìyàn fi ń gba ìwé àṣẹ láti dáná fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á ti orúkọ rẹ̀ pa nínú ìwé àwọn alásè, kò sì ní lè dáná fún ẹlòmíràn mọ́ títí tí yóò fi kú. Ó lè dáná fún ara rẹ̀ o. Òfin kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ikùn ara rẹ̀.

Ẹ ò lè mọ bí ìyẹn ṣe rí àfi bí ẹ bá ń dá gbé. Ààrò tí ìjọba gbé sí ilé ìdáná mi, bí mo bá ti fọwọ́ kàn án, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ẹnu mélòó?" Èmi á ní, "Ẹyọ kan." Òṣùwọ̀n wà lábẹ́ rẹ̀, bí ìkòkò bá ti wúwo ju oúnjẹ ẹnì kan lọ, iná á kú. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo ti ń dá a lóhùn pé ẹyọ kan, ẹyọ kan, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ọjọ́ kan wà tí mo purọ́ fún un pé ẹnu méjì ni. Kì í ṣe pé mo fẹ́ rú òfin. Mo kàn fẹ́ gbọ́ bí yóò ṣe dún nínú ilé náà ni. Iná kú, ìwé ìkìlọ̀ sì dé kí n tó rí àga fà.

Ẹnu kejì tí mo ń wí yìí, ti ọkọ mi ni, Bàbá Ṣìjú. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú un lápá òsì lọ́dún tó kọjá, ní oṣù kan náà tí wọ́n gbé ààrò yẹn dé. Òfin sì ní ẹni tí kò bá lè dáná fún ara rẹ̀, tí kò sì sí alásè tó níwèé nínú ilé rẹ̀, Ilé Ìtọ́jú ni kí wọ́n gbé e lọ. Wọ́n gbé e lọ lójú mi. Oúnjẹ inú páálí ni wọ́n ń fún un níbẹ̀. Gbogbo ohun tó yẹ kó wà nínú oúnjẹ ló wà nínú rẹ̀, ó ku adùn. Ọkùnrin tó máa ń jẹ iyán tán kó tó rántí ẹran ti wá di ẹni tí aago ọwọ́ ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá yege lónìí, wọ́n á gbé e wálé lọ́jọ́ Àìkú. Bí mo bá kùnà, ibẹ̀ ni yóò wà. Ohun tó gbé mi dé ìdí kẹ́mísírì nìyẹn, kì í ṣe ìmọ̀ ni mo ń wá.

Akọ̀wé kóòtù ni mí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹjọ́ ilẹ̀, ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀, ẹjọ́ ewúrẹ́ tó jẹ oko olóko, èmi ni mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kí ló pa èmi àti ásíìdì pọ̀? Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe ìdánwò yìí, ìṣirò ló gbé mi ṣubú. Nígbà kejì, mo mọ ìṣirò, mo mọ gbogbo ìyẹ̀fun tó wà nínú àwọn abọ́ ìdánwò, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti béèrè pé "Báwo ni o ṣe mọ̀?", mo kọ síbẹ̀ pé, "Mo mọ̀ ọ́n ni." Tíṣà wa rẹ́rìn-ín títí tó fi yọ awò ojú rẹ̀, ó sì fún mi ní òdo. Ìtùnú lorúkọ rẹ̀, ọmọ tí mo lè bí ni. Ó ní, "Mọ̀mí, kò sí mo-mọ̀-ọ́n-ni nínú kẹ́mísírì." Mo bínú sí i fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Kíláàsì wa kò dà bí kíláàsì tí àwa àgbà ń ròyìn. Ọgbọ̀n ènìyàn ni wá, a ti jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, n kò sì mọ ohùn ẹni mẹ́ta nínú wọn. Inú ilé gíláàsì kéékèèké ni wọ́n fi oníkálukú sí, kí èéfín ẹnì kan má baà kó bá ẹnì kejì. A máa ń rí ẹnu ara wa tó ń mì, a kì í gbọ́ nǹkan kan. Obìnrin kan wà lápá ọ̀tún mi tó máa ń sunkún bí a bá ti dé ibi ìṣirò. Ó máa ń wù mí kí n sọ fún un pé kó mú ọkàn le, pé èmi náà ti la ibẹ̀ kọjá. Mo ti kan gíláàsì náà rí. Kò gbọ́, kò sì gbójú sókè.

Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́, ohun kan wà níbẹ̀ tó wù mí. Zóbò ni. Zóbò tí a ń mu yìí náà ni wọ́n fi ń dá nǹkan mọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá se ìsápá, tí ẹ sẹ́ omi rẹ̀, ẹ kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á pọ́n kọjá bó ṣe wà. Ẹ kán omi káún sí òmíràn, á di àwọ̀ ewé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo pariwo. Mo yíjú kí n wá ẹni tí màá fi hàn, gíláàsì ni mo rí. Ìgbà tí mo délé, mo se ìsápá tèmi, mo rọ ọ́ sínú ife mẹ́rin lórí tábìlì, mo kán oríṣiríṣi sí wọn, mo sì jókòó tì wọ́n títí tí ilé fi ṣókùnkùn. Ó dùn mọ́ mi, ó sì dùn mí, torí kò sí ẹni tó máa gba ẹ̀yìn mi kọjá kó ní, "Ìyá Ṣìjú, kí lo tún ń ṣe yẹn?"

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ọjọ́ ìdánwò. Gbogbo olùṣèdánwò ló gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí kan. Inú ilé gíláàsì kan náà ni wọ́n á wà; olùṣèdánwò á fọwọ́ ṣe é, ẹlẹ́rìí á kọ ohun tó rí, àwọn méjèèjì á sì bu ọwọ́ lù ú. Bó bá di ọ̀sán, wọ́n á pààrọ̀ ipò. Ògúnyọmí ni wọ́n fún mi. Onígbàjámọ̀ ni, kò lè ju ẹni ọdún márùndínlógójì lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti kú; àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì ń jẹ nílé oúnjẹ ìjọba, wọ́n sì ń sùn síbẹ̀, torí bàbá wọn kò níwèé àṣẹ. Òun nìkan ni mo lè ní mo mọ̀ nínú kíláàsì yẹn, ohun tí mo sì mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ohun tí mo sọ yìí lọ; òun náà mọ̀ pé nítorí ọkọ mi ni mo ṣe wà níbẹ̀.

Lókè orí wa ni Ojú wà. Ohun dúdú roboto kan ni, ó ń yí láti orí ilé gíláàsì kan dé òmíràn. Bó bá ti kúrò lórí tiwa, ẹ lè ka oókan dé ogún kó tó padà.

Ìtùnú gba inú ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ó ka ìlànà fún wa. Ó ní kí a má yára, kí a ṣe gbogbo àyẹ̀wò fún abọ́ kọ̀ọ̀kan, bó ti wù kó dá wa lójú tó. Ó wá parí rẹ̀ bó ṣe máa ń parí rẹ̀: "Ojú wà nínú ìwé ìlànà. Imú wà níbẹ̀, díẹ̀. Ahọ́n kò sí níbẹ̀." Ẹni tó bá tọ́ nǹkan wò nínú yàrá yẹn ti kùnà lójú ẹsẹ̀, ẹlẹ́rìí tó bá sì bò ó mọ́lẹ̀ kò ní jókòó ṣe ìdánwò fún ọdún méjì. A ti gbọ́ ọ tó ìgbà ọgọ́rùn-ún. Mo tilẹ̀ máa ń bá a kà á nínú ìbòmú mi.

Abọ́ mẹ́fà wà níwájú mi, ìyẹ̀fun funfun nínú gbogbo wọn. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo kán áyódíìnì sí àkọ́kọ́, ó dúdú bí aró: sítáàṣì. Mo da fínígà sí ìkejì, ó hó yàà: sódà tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò. Mo yan ìkẹta lórí iná nínú ṣíbí irin, ó yọ́, ó pọ́n, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé gíláàsì náà kan: ṣúgà. Ìkẹrin mú kí zóbò pọ́n sí i, mo mọ̀ pé álọ́ọ̀mù ni, èyí tí a ń fi sí omi kó lè tòrò. Ìkarùn-ún kọ̀ láti yọ́ nínú omi, ṣùgbọ́n ó bá fínígà jà: ṣọ́ọ̀kì. Ògúnyọmí ń kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Bó bá ti kan "Báwo ni o ṣe mọ̀?", èmi náà ń ro ẹjọ́ bí agbẹjọ́rò. Inú mi ń dùn. Mo ti ń ronú irú ẹ̀fọ́ tí mo máa rò lọ́jọ́ Àìkú.

Bóyá ẹ̀fọ́ yẹn ló kó bá mi. Mo bu ìkẹfà sínú omi, ó yọ́. Mo fi wáyà bù ú sínú iná, iná náà di àwọ̀ ìyeyè. Ó ku fínígà, ó ku zóbò. Òógùn ti bò mí lójú, mo fa ìbòmú wálẹ̀ kí n nù ún. Ohun tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ mi ló ṣe é, n kò rán an níṣẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún fi ṣíbí bu ìyẹ̀fun náà, ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ sẹ́nu, mo sì lá a.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró ti ìkòkò rí mọ ohun tí mo ń wí. Bí ọbẹ̀ bá ń hó, a kì í ti ṣíbí bọnu, àtẹ́lẹwọ́ la ń kán an sí, kí a tó lá a, kí a tó mọ̀ bóyá iyọ̀ tó. Ìyá mi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti tó àádọ́ta ọdún tí ọwọ́ mi ti ń ṣe é láìbi mí.

"Iyọ̀ ni," ni mo wí, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ìgbà tí mo gbójú sókè, mo rí ojú Ògúnyọmí lókè ìbòmú rẹ̀, mo wá mọ ohun tí mo ṣe. Mo wo òkè. Ojú wà lórí ilé obìnrin tó máa ń sunkún, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa díẹ̀díẹ̀. Mo fa ìbòmú padà. Ojú dé, ó wò wá, ó kọjá lọ.

Ẹlẹ́rìí kò gbọdọ̀ dáhùn fún ni, ṣùgbọ́n ó lè rán ni létí ìlànà. Ohun tí Ògúnyọmí ṣe nìyẹn. Ó ní, "Mọ̀mí, zóbò kò tíì kàn án."

Mo fìbínú dá a lóhùn. Mo ní kí ni ká tún fi zóbò ṣe, ṣé n kò mọ iyọ̀ ni, ṣé àná ni mo ti ń dáná? Ẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Kò bá mi jiyàn. Ó fi ìka kan ti ife zóbò sún mọ́ mi. Mo kán omi abọ́ kẹfà sínú rẹ̀ kó lè jẹ́ kí n sinmi. Zóbò náà rọra dúró bẹ́ẹ̀, ó wá yí. Ó di àwọ̀ ewé. Mo da fínígà sí ìyẹ̀fun náà, ó hó díẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n po káún mọ́ ni, káún tí kò pọ̀ tó ohun tí ahọ́n máa mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan kí n tó máa lọ, torí bí n kò bá sọ ọ́, ẹ ò ní mọ ìdí tí n kò fi lè gbójú kúrò lára ife zóbò yẹn.

Ṣìjú ni ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ní Ọdún Ẹ̀wà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, orúkọ lásán ni Ọdún Ẹ̀wà létí yín, ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìwé òfin. Ìjọba fi ọdún méjìdínlógún gbáko ro òfin náà, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni oògùn kòkòrò tí àwọn oníṣòwò dà sínú ẹ̀wà fi pa àìmọye ènìyàn. Bàbá Ṣìjú ti rìnrìn àjò. Mo se ẹ̀wà tó wà nílé. Mo kán an sí àtẹ́lẹwọ́, mo lá a, ó dùn. Mo bu abọ́ kan fún ọmọ mi, mo lọ ń sá aṣọ kí tèmi tó tutù. N kò jẹ tèmi. Kí oòrùn tó wọ̀, Ṣìjú ti kú.

Ìgbà tí bàbá rẹ̀ dé, ìbéèrè kan ló bi mí. Ó ní, ṣé mo tọ́ ọ wò? Mo ní mo tọ́ ọ wò. Kò tún bi mí ní nǹkan kan mọ́. Fún ọdún mọ́kàndínlógún, ẹ̀wà kò wọ ilé wa, orúkọ rẹ̀ kò sì wọ ẹnu wa. Ó ń jẹ oúnjẹ mi, ó ń dúpẹ́, ó ń sùn. Èmi mọ̀ pé ó ti dá mi lẹ́bi nínú ọkàn rẹ̀, pé àánú mi ló ń ṣe é tí kò fi sọ ọ́ jáde. Mo ti dá gbé fún oṣù mẹ́rìnlá báyìí, ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, kò ju bí mo ṣe dá wà nígbà tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ.

Ahọ́n kan náà nìyí. Ohun tó sọ fún mi nípa ẹ̀wà náà ló tún sọ nípa abọ́ kẹfà: ó dára, bù ú fún wọn. Ẹ̀rù ara mi bà mí. Mo rí bí ọjọ́ Àìkú ṣe máa rí. Wọ́n á gbé ọkọ mi wálé, èmi á dáná, zóbò àti fínígà á wà lórí pẹpẹ, ọwọ́ mi á kán ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ láìbi mí, ahọ́n á ní ó dára, n kò sì ní fọwọ́ kan zóbò.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn nínú ìwé ẹlẹ́rìí ni pé, ǹjẹ́ ohunkóhun nínú àwọn abọ́ náà kan ètè tàbí ahọ́n olùṣèdánwò? Ògúnyọmí ti kọ "iyọ̀ àti káún" sí ibi tó yẹ. Ó gbé bírò lé ìbéèrè yẹn. Ó wo Ojú tó ń lọ lókè, ó wá wò mí.

"Èmi ò rí nǹkan kan, Mọ̀mí."

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé àgbà kì í fẹ́ irú ẹ̀. Mo fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo ń wo ẹnu bírò náà títí tí Ojú fi yí wá sọ́dọ̀ wa tó tún lọ. Lẹ́tà mélòó kan tí wọ́n fi ń kọ "Rárá" ló kù kí ọkọ mi wálé, ẹni tó sì máa kọ ọ́ ní ọmọ méjì tó lè pàdánù wọn fún ọdún méjì nítorí mi, kò sì bá mi tan.

"Ọmọ mi, o rí i," ni mo wí fún un.

Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ "Bẹ́ẹ̀ ni." Mo tún kọ sábẹ́ rẹ̀ pé èmi Adérera ni mo lá a, pé ẹlẹ́rìí mi kò bò mí. Ó bi mí pé ọkọ mi ń kọ́. Mo bu ọwọ́ lù ú, mo ti ìwé náà sọ́dọ̀ rẹ̀, òun náà bu ọwọ́ lù ú, ó sì yíjú sí gíláàsì.

Ìtùnú wá fúnra rẹ̀. Kò wọ inú ilé gíláàsì mi rí àfi ọjọ́ náà. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó sọ fún mi pé abọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni mo gbà, pé láti àárọ̀, kò sí ẹlòmíràn tó rí káún inú ìkẹfà. Mo ní ẹlẹ́rìí mi ló jẹ́ kí n rí i. Ó ní òun mọ̀ pé ìgbà kẹta ni. Mo ní èmi náà mọ̀. Ẹ̀rọ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ láti ti orúkọ mi pa. Ìtùnú kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ ọmọ tó gbẹ̀kọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé ìkùnà fún mi.

Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ ìbẹ̀wò, n kò sì lè ṣe bí ẹni pé n kò mọ̀. Mo wọ ọkọ̀ orí okùn tó ń kọjá àfonífojì lọ sí Ilé Ìtọ́jú. Àga mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Mo sunkún dé ìdajì ọ̀nà, mo nu ojú mi ní ìdajì tó kù.

Bàbá Ṣìjú wà nídìí fèrèsé. Ó ti gé irun. Wọ́n fi ìlà funfun pín tábìlì àlejò sí méjì: àlejò kò gbọdọ̀ gbé nǹkan jíjẹ kọjá ìlà náà, kò sì gbọdọ̀ gbé àga rẹ̀ kọjá a. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo rí àpò tó fi ọwọ́ kan dì, ẹnu àpò náà kò pa dé. Ó ti múra ilé sílẹ̀.

Mo sọ fún un pé mo kùnà. Ó mi orí. Ó ní kò burú, ó ní oúnjẹ páálí náà kò fi bẹ́ẹ̀ burú. Bó bá ti bínú ni, màá ti dákẹ́, màá ti lọ sílé. Ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ yẹn ni n kò lè gbà mọ́. Mo sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un, àtẹ́lẹwọ́, ahọ́n, zóbò, gbogbo rẹ̀. Mo wá sọ èyí tí mo ti ń gbé mì láti ọdún mọ́kàndínlógún.

"Bí mo ṣe lá a lónìí ni mo ṣe lá ẹ̀wà yẹn. Ahọ́n mi ní kò sí nǹkan kan. Èmi ni mo pa Ṣìjú. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ ò kàn sọ ọ́ ni."

Ẹnu rẹ̀ apá kan kò ṣiṣẹ́ dáadáa, ọ̀rọ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó jáde.

"Ìyá Ṣìjú," ó ní, "ọkùnrin tó ta ẹ̀wà náà fún mi ní ká má tíì sè é. Ó ní ọjọ́ yẹn gan-an lòun da oògùn sí i, ó di lẹ́yìn oṣù kan kí a tó sè é. Mo gbé e sílé ìdáná. Mo ní mo máa sọ fún ọ. Mọ́tò tó ń dúró dè mí fọn fèrè. Mo lọ."

Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, kò yé mi. Nígbà tó yé mi, mo fẹ́ gbá a létí, kí Ọlọ́run forí jì mí. Mo ti na ọwọ́ kí n tó rí apá òsì rẹ̀ tó sùn lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé nígbà náà, kí ló dé tó fi wọlé, tó bá ọmọ rẹ̀ nílẹ̀, tó sì jẹ́ pé èmi ló bi léèrè bóyá mo tọ́ ọ wò.

"Mo ń wá ẹni tí a máa jọ gbé ẹ̀bi náà," ó ní. "Nígbà tí o ní o tọ́ ọ wò, mo rí i pé o ti gbé gbogbo rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ lórí rẹ, mo dákẹ́."

Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ kan. Ìkejì kò lè sunkún mọ́ láti ìgbà tí àrùn ti mú un. N kò nù ún fún un. Inú ń bí mi, inú bí mi bí n kò ṣe mọ̀ pé inú ṣì lè bí mi lọ́jọ́ orí yìí. Síbẹ̀ nǹkan kan wà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ́rùn mi.

Ẹ̀rọ ara ògiri ní àkókò ìbẹ̀wò ti pé, kí àwọn àlejò máa dìde. Àwọn tó wà nídìí tábìlì yòókù ń dìde, wọ́n ń gbá ara wọn mọ́ra. Mo gbé àga mi kọjá ìlà funfun, mo gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, mo jókòó.

"Ẹ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀," ni mo wí. "Ọjà wo lẹ ti rà á? Irú ènìyàn wo ni ọkùnrin náà? Ẹ má fo ibì kankan."

Ẹ̀rọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó dárúkọ mi. Bàbá Ṣìjú fi ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ mú etí tábìlì, ó gbìyànjú kó jókòó dáadáa. Ó ní ọjọ́ Ẹtì ni, òjò sì ti ṣú.